Ìró Aṣọ Àwẹ̀ró ní Ìsàlẹ̀ Odò Ẹ̀gùdù

Ẹ jókòó, ẹ fún mi láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wúkọ́ tán báyìí. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ etí ni mo fẹ́ bá yín sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rún ẹ̀pà sí mi létí. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni. Ẹ mọ̀ mí, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni mo máa ń di ojú mi pinpin nínú igbó tí màá sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé etu kan wà lápá òsì lẹ́yìn igi ńlá yẹn, ó ń jẹ ewé, ó sì ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Wọ́n á ní irọ́ ni. Màá yìnbọn. A ó lọ gbé etu. Mi ò tíì rí ọba tàbí ìjòyè tí yóò sọ fún mi pé etí òun mú ju tèmi lọ kí n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé yìí tí etí mi ti di etí ọmọ ọwọ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti gbọ́ ohun tó dùn jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìsàlẹ̀ odò ni. Ìyàwó mi ló gbé mi débẹ̀.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó mi ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá létí Odò Ẹ̀gùdù lọ́jọ́ tó bá ń fọṣọ, ẹ ò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn. Àwọn obìnrin yòókù ń fi aṣọ lu òkúta kí ìdọ̀tí lè jáde. Àwẹ̀ró ń fi aṣọ lu òkúta bí ẹni pé ó ń retí kí òkúta fèsì. Òkúta pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ wà nínú omi, ìdajì rẹ̀ yọ sókè. Yóò ká aṣọ mọ́ ọwọ́, yóò sì nà án mọ́ ọn: gbà! Á sinmi díẹ̀. Gbà-gbà! Á tún sinmi. Gbà! Àwọn tó wá pọnmi á dúró, garawa á wà lórí, ọrùn á máa ro wọ́n, wọn ò ní lọ. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìdọ̀tí lò ń yọ ni, àbí ò ń kọ́ aṣọ mi ní ijó?” Òun náà á ní, “Bàbá Dúró, aṣọ ọdẹ tí ẹ̀jẹ̀ ẹran ti gan mọ́ lára báyìí, bí mi ò bá fi ìdùnnú nà án, ẹkún ni màá fi nà án.” Dúró lorúkọ àkọ́bí wa.

Lọ́jọ́ kan, mo ti igbó ọdẹ bọ̀ láàárọ̀, mo gba etí odò kọjá, mo bá aṣọ mi lórí òkúta. Ìdajì rẹ̀ ti gbẹ. Abọ́ ọṣẹ wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sí. Ọmọbìnrin kan tó wá pọnmi jókòó sílẹ̀, garawa rẹ̀ dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun rí ọwọ́ kan tó jáde láti inú omi, ó funfun bí ikùn ẹja, ó di Àwẹ̀ró mú lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó ní kò fà á bí olè ṣe ń fa ẹrù. Ó fà á wọlé bí ẹni tó ń mú àlejò pàtàkì lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó jí ìyàwó mi tún ní ìwà.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni ọdẹ ń ṣe bí ẹnì kejì rẹ̀ bá sọnù sínú igbó? Yóò súfèé. Bí kò bá rí èsì, yóò ké. Bí kò bá rí èsì síbẹ̀, yóò yìnbọn sókè kí onítọ̀hún lè mọ ibi tó wà. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn, bí mo sì ṣe ṣe é nìyẹn. Mo súfèé sí odò títí ètè mi fi wú. Mo ké “Àwẹ̀ró o!” títí ohùn mi fi há. Mo ki ìbọn, mo yìn ín, mo tún ki í, mo tún yìn ín, títí kèrègbè ẹ̀tù mi fi ṣófo pátápátá, tí àwọn ẹyẹ igbó náà fi kó kúrò fún mi. Ajá mi, Atúgbó, ń gbó mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣaworo ọrùn rẹ̀ ń dún. Àwa méjèèjì ń pariwo bí wèrè. Odò náà kàn ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́.

Ni apẹja arúgbó kan bá tu ọkọ̀ jáde láti abẹ́ igi. Bàbá Fágbèmí ni, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí omi ló ti lò ó. Ó ní, “Ìwọ ọdẹ yìí, o ò jẹ́ kí n sinmi, o ò jẹ́ kí ẹyẹ sinmi. Ta lò ń pè?”

“Ìyàwó mi ni, Bàbá. Wọ́n fà á lọ sísàlẹ̀ odò.”

“Pẹ̀lẹ́. Ó sì ń dá ọ lóhùn?”

“Bàbá, bó bá ń dá mi lóhùn, ṣé màá ṣì máa ya ọ̀fun mi báyìí?”

“Ẹja ò gbọ́ ìbọn rẹ, ènìyàn ha lè gbọ́ ọ? Ojú omi tí o ń wò yẹn le ju bí o ṣe rò lọ. Ohùn tó bá gba inú afẹ́fẹ́ wá, bó bá ti kàn án, ṣe ló ń ta padà sókè bí òkò tí wọ́n sọ lu páànù. Èyí tó ń rí ọ̀nà wọlé kò tó nǹkan. Bí o bá fẹ́ bá ará inú omi sọ̀rọ̀, nínú omi ni kí o ti sọ ọ́. Wọ ọkọ̀ mi. Kí o má sì fi ìkanra yẹn dà wá nù.”

Ó ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, igi pẹlẹbẹ tó fi ń tu ọkọ̀, ó ní kí n fi eyín di orí rẹ̀ mú. Mo wò ó lójú bóyá ó ń fi mí ṣeré ni. Kò rẹ́rìn-ín. Mo fi eyín dì í mú.

Ẹ̀yin ará mi! Igi yẹn gbé gbogbo odò wọ inú agbárí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Edé ń ta nísàlẹ̀ bí iyọ̀ tí wọ́n dà sínú epo gbígbóná. Ẹja àrọ̀ kan ń kùn bí àgbàlagbà tí wọn ò fún ní oúnjẹ lásìkò. Mo gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ń yí lórí ara wọn, mo gbọ́ ọkọ̀ kan tó forí gúnlẹ̀ ní èbúté tí ojú mi ò tó rárá. Ọkùnrin kan wà lókèèrè tó ń gbá òpó mọ́ inú omi. Bó ṣe gbá a, mo gbọ́ ọ nínú eyín mi: gbì! Lẹ́yìn náà ni etí mi tó wà lókè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ọ: gbì! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbá a. Mo yọ ẹnu, mo ní, “Bàbá, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.” Ó ní, “Ọ̀nà méjì ló gbà wá. Èyí tó gba inú omi ló mọ eré sá jù.” Bí mo ṣe tún fi eyín dì í ni mo gbọ́ ọ, ó jìnnà, ó kéré, ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere: gbà. Gbà-gbà. Gbà.

Èmi tí mo ti fojú ko ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ rí, omi bọ́ lójú mi. Mo fò sórí òkúta Àwẹ̀ró, mo yọ àdá, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu ibi tí òkúta náà ti wọ inú omi: kò, kò-kò, kò. Mo sáré padà sínú ọkọ̀, mo ki àjẹ̀ bọ ẹnu. Ìró yẹn ti dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ padà, kíákíá, bí ọkàn ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀ tó wá rí ẹni tirẹ̀. Ìyàwó mi wà láàyè, ó sì mọ̀ pé mo wà níbí. Mo tú ṣaworo kúrò lọ́rùn Atúgbó kó má baà dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn mi, mo jù ú sínú àpò, mo fi ìda oyin dí ẹnu kèrègbè ẹ̀tù mi bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá fẹ́ wọ́dò, mo ní, “Bàbá Fágbèmí, ẹ bá mi wo ajá mi.” Mo bẹ́ sómi.

Mo ń fi ọwọ́ tọ ara òkúta lọ sísàlẹ̀, èémí mi sì ti ń tán, ni mo kan Oníbodè àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Orí ènìyàn ló ní, ọwọ́ alákàn ló fi dènà, ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí àtùpà. Kò la ẹnu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ gba etí mi wọlé. Ó gba àgbọ̀n mi, ó gba egungun àyà mi, ó wá jókòó sínú agbárí mi bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Ará òkè, ilé kan wà, kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀kùn. Ará ìta pariwo, ará ilé ò gbọ́. Ará ilé pariwo, ará ìta ò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan tó kéré jù lọ bá họra nínú rẹ̀, gbogbo ilé ló mọ̀. Ilé wo nìyẹn?”

Ẹ wo ìwà ìkà! Ẹni tí èémí ń pa ni ó ń pa àlọ́ fún. Mo kùn ún nínú ọ̀fun láìla ẹnu pé, “Ilé tí o dúró sẹ́nu rẹ̀ yìí ni! Omi ni! Kúrò lọ́nà kí n tó kú sí ọ lọ́wọ́!”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń yọ mí lẹ́nu nínú eyín. Ó ní, “O gbọ́n. Kí ló ń dún nínú àpò rẹ?” Mo yọ ṣaworo ajá mi. Ó mì ín lẹ́ẹ̀kan. Irin tí mo ti ń gbọ́ lójoojúmọ́ nínú igbó, mi ò mọ̀ pé ó ní irú ohùn báyẹn: ó kúrú, ó mọ́, ó sì dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú Oníbodè rọ̀. Ó ní, “Fi èyí sílẹ̀ fún mi, kí o gba ewé yìí sábẹ́ ahọ́n.” Mo gbà á. Bí mo ṣe fi ewé náà sẹ́nu, omi di afẹ́fẹ́ fún mi, mo kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí àwọn kan nínú yín rò pé ìsàlẹ̀ omi dákẹ́. Ta ló sọ fún yín? Àwa la dákẹ́ o, àwa tí a wà lókè. Òjò ń rọ̀ lórí odò nígbà náà, mo sì gbọ́ ìkán omi kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kan ojú omi lókè orí mi, bí ẹni tó ń da ìlẹ̀kẹ̀ sórí àwo. Mo gbọ́ ìgbín omi tó ń fi eyín họ ara igi. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń gúnyán ní abúlé tó wà létí odò, gìdìgbà, gìdìgbà, ilẹ̀ ló gbé e wá, omi ló gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀. Mo gbọ́ ọkàn ara mi, ó ń lù bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Kò sí ohun kan tó jìnnà níbẹ̀. Mo dúró gbagidi, mo gbàgbé ìbínú mi fún ìṣẹ́jú kan. Kí n má purọ́ fún yín, mo gba fún wọn.

Ọba wọn ń jẹ́ Gbogboara-letí. Kò ní etí kankan lórí. Ìlà ihò kéékèèké ló ní láti ọrùn dé ìdí, ihò náà ń ṣí, wọ́n ń pa dé, bí gbogbo ìsàlẹ̀ odò ṣe ń dún. Ọwọ́ rẹ̀ funfun bí ikùn ẹja. Mo mọ ọwọ́ náà.

Ó ní, “Ìwọ lo fi irin lu òkúta mi láàárọ̀ yìí. O lù ú burúkú.”

Mo ní, “Èmi ni. Ìwọ náà lo jí ìyàwó mi. O ṣe burúkú jù mí lọ.”

Àwọn ìjòyè rẹ̀ fẹ́ kú. Ọba ní, “Mi ò jí i. Mo gbọ́ ọ ni. Láti ìgbà tó ti ń lu òkúta yẹn, gbogbo ara mi kò sùn mọ́. Ohunkóhun tí mo bá gbọ́ nínú omi mi, tèmi ni.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo ti gbọ́ ìwọ náà nínú agbárí mi báyìí. O ti di tèmi nìyẹn. Dìde, jẹ́ kí n máa mú ọ relé, ajá mi ń retí ẹni tí yóò bá ṣeré.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, iyanrìn fò sókè. Ó nawọ́ sí àwọn ilé amọ̀ tó yí ààfin rẹ̀ ká, gbogbo wọn rí bákan náà, koríko omi bo ẹnu ọ̀nà wọn. Ó ní, “Ẹnu rẹ mú, ọdẹ. Jẹ́ ká wo etí rẹ. Ìyàwó rẹ wà nínú ọ̀kan nínú ilé wọ̀nyí, yóò máa lu òkúta. Rìn lọ bá a. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mú un lọ. Bí o bá ṣí ti ẹlòmíràn, ìwọ náà di ará ibí, màá sì máa gbọ́ ìkùnsínú rẹ títí ayé.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi! Ọdẹ́jìnmí! Mo di ojú. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀: gbà. Gbà-gbà. Gbà. Ìró rẹ̀ ni, mo dá a mọ̀ bí mo ṣe dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ibo ló ti ń bọ̀? Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lókè níbí, bí etu bá wà lápá ọ̀tún, etí ọ̀tún á kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ti òsì á tẹ̀lé e. Àárín ìṣáájú àti ìtẹ̀lé yẹn, bó ti wù kó kéré tó, òun la fi ń mọ ibi tí ẹran wà. Nísàlẹ̀ yẹn, ìró ń sáré débi pé etí méjèèjì gbà á pa pọ̀, egungun orí sì ń bá wọn gbà á. Kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Ìyàwó mi wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, ó wà lórí ahọ́n mi. Mo ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ọdẹ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fi mí ṣẹ̀sín: “Ẹ wò ó, ó ń yí ọrùn bí ẹyẹlé! Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ọrùn ni wọ́n ní kí o fi gbọ́ ni?”

Ni nǹkan kan bá gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Kèrègbè ẹ̀tù mi ni. Ó ṣófo, afẹ́fẹ́ òkè ṣì kún inú rẹ̀ nítorí ìda tí mo fi dí i, ó fẹ́ léfòó, okùn rẹ̀ dì í mú, ó wá ń fara gbá mi lójú. Bó ṣe kọjá níwájú mi, ìró Àwẹ̀ró rẹlẹ̀. Ó kúrò, ìró náà padà. Mo rántí páànù Bàbá Fágbèmí. Bí ohùn inú afẹ́fẹ́ bá ń kọ̀ láti wọ omi, kí ló dé tí ohùn inú omi yóò fi gbà láti wọ afẹ́fẹ́? Kèrègbè mi ti di ògiri! Mo gbá a mú, mo gbé e síwájú ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí yí díẹ̀díẹ̀. Lápá ibí, ìró dún ketekete. Lápá ọ̀hún, ó dún ketekete. Mo yí dé ibì kan, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu. Ibẹ̀ ni. Mo rìn tẹ̀lé kèrègbè mi, ibi tí mi ò ti gbọ́ ìyàwó mi dáadáa ni mo kọjú sí, ìyẹn náà ni mo sì fi rí i. Bí mi ò bá ti fi ìwà òmùgọ̀ yin gbogbo ẹ̀tù mi sí ojú odò láàárọ̀, kèrègbè náà ì bá kún, ì bá wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ ẹja ni ẹ̀ bá máa pè mí lónìí. Mo fa koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwẹ̀ró jókòó, òkúta wà níwájú rẹ̀, ewé wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Dúró, ẹ pẹ́.”

“Mo ń pariwo lókè láti àárọ̀!”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àdá yín nìkan ni mo gbọ́, ẹ sì ń lù ú bí ẹni tó ń la igi.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a yíjú padà, àfi bí Ọba ṣe dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Mo ṣèlérí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ronú bí ibí yóò ṣe rí bí ìró yẹn bá lọ.” A sá! Wọ́n lé wa! Ẹ má bi mí bóyá wọ́n sún mọ́ wa, nítorí mi ò mọ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ wọn ń dún nínú agbárí mi bákan náà, ti ẹni tó jìnnà àti ti ẹni tó ti fẹ́ mú mi. Àwọn pàápàá kò fi ojú lé wa, ìró ẹsẹ̀ wa ni wọ́n ń tẹ̀ lé. A dé ibi tí ewé jíjẹrà ti kó jọ bí àkìtàn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ yanturu ìfóófó bú jáde, wọ́n ń gòkè lọ. Ẹ̀yìn ìfóófó náà dákẹ́ lójijì. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣáà jẹ́! Mo ní, “Àwẹ̀ró, jó!” Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí jó lórí ẹrẹ̀ náà bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún, ìfóófó di aṣọ ìkélé láàárín wa àti wọn, àwọn ìjòyè etí sì ń kọlu ara wọn lódìkejì bí ẹni tí wọ́n fọ́ lójú.

A yọrí lẹ́bàá òkúta Àwẹ̀ró. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ funfun náà tún jáde, ó di ọrùn ẹsẹ̀ kejì mú. Gbogboara-letí yọ dé ìbàdí. Ó la ẹnu, mo rí i pé ó ń bú ramúramù. Ṣùgbọ́n lókè níbí, ohun tó jáde kò ju èémí ẹja àrọ̀ tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò ṣeré. Ó ń fà á, òkúta sì ń yọ̀. Mo gbé àdá sókè kí n gé ọwọ́ náà.

Àwẹ̀ró ní, “Ẹ fi àdá sílẹ̀, Bàbá Dúró. Ẹ gbé aṣọ yín fún mi.”

“Aṣọ wo?”

“Èyí tí mi ò tíì fọ̀ tán. Ẹ yára!”

Mo jù ú sí i. Ó rì í bọ omi, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó nà án mọ́ òkúta. Gbà! Ọba dúró. Gbà-gbà! Ó rí aṣọ tó ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí i tí ihò àyà rẹ̀ ń ṣí, tí wọ́n ń wá ìró náà nínú afẹ́fẹ́, wọn ò rí i. Ìdajì rẹ̀ tó wà nínú omi nìkan ló ń jẹ ìró náà. Ìdajì tó wà lókè ń kú fún ebi. Gbà! Ó wo ìyàwó mi, ó wo omi. Àtigbọ́ ọ dáadáa, àfi kó rì. Àtirì, àfi kó fi í sílẹ̀. Ìka kan tú. Òmíràn tú. Ó rọra lọ sísàlẹ̀, àyà, ọrùn, orí, omi pa dé lé e lórí. Àwẹ̀ró ò dákẹ́. Ó lu aṣọ yẹn títí ẹ̀jẹ̀ ẹran ọdún pípẹ́ fi jáde lára rẹ̀, títí ó fi ya.

Ó wá jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, “Ẹ rí i? Kò tiẹ̀ ní ìdí tó fi gbé mi lọ. Láti orí òkúta yìí ló ṣáà ti ń gbọ́ mi.”

Ibẹ̀ náà ló ṣì ti ń fọṣọ. Àwọn ènìyàn ń bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á. Ó ní ọwọ́ ẹni tó bá ń gbádùn kì í ráyè jí ènìyàn. Lọ́jọ́ tó bá ń fọṣọ, mo máa ń lọ bá Bàbá Fágbèmí nínú ọkọ̀, màá fi eyín di orí àjẹ̀ mú. Ìyàwó mi á nà án: gbà. Á sinmi díẹ̀. Nínú ìsinmi yẹn, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣaworo ajá mi tó wà lọ́wọ́ Oníbodè á dún lẹ́ẹ̀kan, ó kúrú, ó mọ́, á sì dákẹ́ kí gbà-gbà tó tẹ̀ lé e. Kò ṣì í rí. Àwẹ̀ró tó wà lókè kò gbọ́ ọ. Èmi ni mo máa ń dé ilé tí mo máa ń sọ fún un bí wọ́n ṣe gbè é.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, odò ò jìnnà, àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, eyín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yá, ẹ lè máa rún ẹ̀pà yín.